Ẹ̀rọ Orí Ìka

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Làsísì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kan ní Agége, ara sì ń ta á. Ibà ti lọ. Ó ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kó máa lọ sílé.

"Òtútù àyà ni, Bàbá," ni Tẹniọlá, nọ́ọ̀sì àárọ̀, wí. "Fọ́tò àyà yín kò dára rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò fi ràn án."

"Èémí mi ò há. Ṣé ẹ gbọ́ tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Irú èyí kì í pariwo. Ẹni tó ní i lè máa rìn kiri."

Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan há a níka, èyí tó ń sọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún; ó kéré.

"Irọ́ ni!" Làsísì nawọ́ sí i. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà. Mo mọ èyí tó ti bàjẹ́."

Ìyàwó rẹ̀, Kùdírátù, gbé fúláàsì ẹ̀kọ wọlé. Ó kọ́kọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú kó tó wá jókòó.

"Àtẹ̀gùn ilé yín tí mo gùn yìí ga," ló sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Ìyá Jubril, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀!"

"Ẹ ṣe sùúrù." Ó dúró kó lè mí. "Bàbá Jubril."

"Sùúrù kẹ̀? Ṣebí ọ̀fìnkìn tó mú ìwọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni. Àgbo lo mu, o sì dìde."

Kùdírátù fi orí ti ògiri.

Tẹniọlá fi ẹ̀rọ náà sí ìka ara rẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

"Tiyín nìkan ló mọ̀ ọ́n kà," ni Làsísì wí. "Ẹ fi sí ti ìyàwó mi, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe."

Tẹniọlá fi sí i. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó kọ méjìléláàdọ́rin.

Làsísì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i bí? Mo ní ó ti bàjẹ́!"

Ṣùgbọ́n Tẹniọlá ti rí èékánná Kùdírátù, tó dà bí ti ẹni tó kiwọ́ bọ aró. Ó ké pe dókítà, ó fa ìbòmú ọ́síjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Làsísì, ó sì fi bo imú Kùdírátù.