Ẹja Ẹ̀pẹ́

Fóònù olùyẹ̀wò ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ dún níbi tó ti ń jẹun nílé ìyá rẹ̀, kò wò ó. Inú ń bí i ju ìyẹn lọ.

"Ẹja àrọ̀ ni máníjà ilé iṣẹ́ kan gbé wá bá mi ní ọ́fíìsì, Mọ́mì," ó ní, ó ń fi òkèlè ẹ̀bà bu ọbẹ̀. "Kí n lè buwọ́ lùwé pé bọ́ílà wọn tó ti ń jò, tó lè bú gbàù nígbàkigbà, ṣì dára. Ogójì òṣìṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀, ẹja Ẹ̀pẹ́ ló fẹ́ fi ra ẹ̀mí wọn."

"Kí lo wá ṣe?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo lé e jáde. Mi ò kì í gba rìbá."

Ó mú orí ẹja inú abọ́, ó fa ọ̀rá rẹ̀ mu, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ó rò pé ikùn ló ń darí gbogbo wa."

Ìyá rẹ̀ wo abọ́ ọbẹ̀ náà.

"Ọkùnrin náà," ó ní, "ṣé ó pupa, tí eyín iwájú ẹ̀ kán?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ olùyẹ̀wò.

"Ó gbé ẹja wá síbí, ó ní ọ̀rẹ́ ẹ lòun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí n gbé ẹja náà dání kóun ya mí ní fọ́tò, pé òun máa fi ránṣẹ́ sí ẹ."

Fóònù tún dún.