Iye Tí Nọ́ọ̀sì Fi Lé Ìwé Rẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ló ba ayé nọ́ọ̀sì kan jẹ́: kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà èèyàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn ìyá ọmọ ń pè é. Bó bá gbé ọmọ tí kò tóbi ju bàtà lọ jáde nínú àpótí gíláàsì, ìyá tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ yóò mí kanlẹ̀.

Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé ló kó sínú ìwé kan. Ọdún méjì ló fi kọ ọ́, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò oúnjẹ ọmọ. Kò wá ilé ìtẹ̀wé lọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ ti tà á, kí ẹni tó bá rà á lè máa kà á lórí fóònù.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́rin, ló bá a gbé ìwé náà sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tàwé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń kọ iye owó, obìnrin náà ní iye tí dókítà olókìkí kan ń ta tirẹ̀ ni kí àwọn náà kọ. Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì mọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọjú díẹ̀, kí wọ́n sì ka orí àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó bá gbádùn ẹ̀ ló máa bá yín polówó ẹ̀.”

“Ṣé gbàǹjo ni mò ń lù ni? Tí mo bá kọ owó pọ́ọ́kú sí i, wọ́n á ní ìwé pọ́ọ́kú ni.”

Àbúrò náà mọ̀ pé irú ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òfo, kò sì jiyàn mọ́. Ó kọ iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó kọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnì kan ò rà á. Fóònù kì í kúrò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ obìnrin náà mọ́. Bó bá wọn ooru ara ọmọ kan tán, yóò yọ ọ́ wò. Bó bá pa ìtẹ́dìí ọmọ mìíràn dà, yóò tún yọ ọ́ wò. Lọ́jọ́ Ajé ó dín owó ìwé náà kù díẹ̀, lọ́jọ́rú ojú tì í, ó dá a padà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gé e sí ìdajì. Ẹni àkọ́kọ́ tó rà á kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mo rà á lánàá, lónìí ó ti di ìdajì. Ta lẹ̀yin yìí gan-an?”

Ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára ju lílù lọ. Kò sí ìyá ọmọ tí kò ní bá a sọ̀rọ̀ rere nípa ìwé náà bó bá bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló jọ ìtìjú lójú rẹ̀. Ó ṣí ìwé orúkọ ilé ìwòsàn, ó mú orúkọ àwọn ìyá mẹ́fà tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sílé, ó sì fi ẹnu wọn yin ìwé ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ìwé náà lórúkọ ọ̀kan nínú wọn pé: “Ọmọ mi ti ń rìn báyìí, ọpẹ́lọpẹ́ ìwé yìí.”

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, èèyàn mọ́kànlá ra ìwé náà. Ó dá owó rẹ̀ padà sí iye ti dókítà, ara sì tù ú díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin kan wọlé sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín padà. Ó na fóònù rẹ̀ sí i.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kà á. Àǹtí mi ló rí i tó fi pè mí.”

Nọ́ọ̀sì ka ọ̀rọ̀ tó fi orúkọ obìnrin náà kọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á.

“Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a délé ni ọmọ mi kú,” ni obìnrin náà wí. “Níbo ló ti wá ń rìn?”

Ìwé orúkọ kì í sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lẹ́yìn tó bá ti lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìyá náà ti kọjá lọ sí yàrá mátírọ́ọ̀nù.

Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó kó orúkọ àwọn aláìsàn síta. Ìkànnì ìtàwé náà yọ ìwé rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ tajà níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó lọ bẹ ìyá ọmọ náà nílé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá tó ra ìwé náà wá àbúrò nọ́ọ̀sì kàn. Ó ní ìwé náà ni òun fi tọ́jú ọmọ òun, ẹ̀gbọ́n òun sì fẹ́ rà á, níbo ni kó ti rí i? Àbúrò náà ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín wá síta, ẹ gbọ́ o. Kí ayé má tíì mọ èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ọjà sì bẹ̀rẹ̀ ní owó kékeré kì í ṣe àbùkù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kà á fi ẹnu ara wọn sọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá jí ẹnu ẹlòmíràn yin ara rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ rere tó ti ṣe, yóò sì tún tú egbò ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.