Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́ Kejì

"Bátìrì kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́ta!" Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì na ọ̀pá rẹ̀ sí imú ọkọ̀. "Olè pọ́ńbélé ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta bátìrì."

"Bàbá, bátìrì yìí ò ṣe nǹkan kan," ni rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe fèsì. "Nǹkan kan ló ń fa iná rẹ̀ tí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Ṣé ẹ kì í gbàgbé iná kankan ní títàn?"

"Èmi? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún na àwọn ọmọ tó ń gbàgbé ìwé sílé?" Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Àtìgbà tí a ti sin ìyàwó mi ni ọkọ̀ yìí ti ń fi mí ṣẹ̀sín."

Rewáyà fi bátìrì mìíràn jí ọkọ̀ náà, ó ní kí bàbá wà á yí àdúgbò ká kí iná lè wọ bátìrì. Òun dúró sẹ́nu géètì.

Nígbà tí bàbá padà dé, ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń kí ayaba, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Iná kékeré inú ọkọ̀ ń tàn sórí àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ti ilẹ̀kùn o."

Bàbá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìyá wọn á tì í. Kì í gbà kí n bá òun tì í."

Ó gbé ìgbésẹ̀ méjì sí i, ó sì dúró.

Rewáyà gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n kò lè tì í.