Ikùn Bàbá Láńre

Ìbíyẹmí fi ìka kan yí oòrùn inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́, òjìji àwọn àlejò ìgbéyàwó sì gùn gbọọrọ nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkìrun nìyẹn: ẹni tí kò bá ní fọ́tò ọjọ́ ńlá kan yóò wá ròyìn ọjọ́ náà fún un, Ìbíyẹmí yóò sì tún ọjọ́ náà kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán rẹ̀.

Bàbá Láńre àti ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í. Òjò ló ba fọ́tò ìgbéyàwó tiwọn jẹ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

“Ọmọ mi, bá mi dín ikùn yẹn kù,” ni Bàbá wí, ó na ìka sí ọkọ ìyàwó inú àwòrán náà. “Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mí nígbà náà.”

“Irọ́ ńlá!” ni Ìyá Láńre fi dá a lóhùn. “Bọ́tìnì yín méjì ló já níwájú àlùfáà. Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín tí ìyẹn pa mí ló lé ẹ̀rù náà lọ. Ìbíyẹmí, má fọwọ́ kan ikùn ọkọ mi o.”

Ìbíyẹmí kò mọ ti ẹni tí òun yóò ṣe. Ó wo ojú Bàbá.

Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni bọ́tìnì tó já.”