Orúkọ Àkọ́kọ́ Nínú Ikọ̀ Àṣàyàn

Ní ọdún 1984, Akínlóyè ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ardwick, nílùú Òyìnbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń kọ́ engineering ní polytechnic, gbogbo Sátidé ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì kékeré tí àwọn ẹgbẹ́ Gorton àti Ardwick jọ wà. Lọ́dọọdún, líìgì náà máa ń ṣa àwọn mọ́kànlá tó dára jù jọ láti bá àṣàyàn Bolton gbá. Wọ́n á fún wọn ní fìlà ẹ̀yẹ, fọ́tò wọn á jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn ẹgbẹ́ ńlá a sì máa rán ènìyàn wá wò wọ́n.

Akínlóyè ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ nílé pé wọ́n máa mú òun. Nígbà tí orúkọ jáde, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ògúndáre, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń gbá iwájú nínú ẹgbẹ́ kan náà, ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn eré náà, ó pàdé Theresa, akọ̀wé líìgì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Hyde Road. Ìyá òyìnbó náà wò ó bí ẹni tó rí àkúdàáyà.

"Ìwọ rèé? Wọ́n ní o ti parí ẹ̀kọ́ rẹ, o máa ti padà sílé kí ọjọ́ eré tó pé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ògúndáre ni. Ìwọ la fẹ́ mú. Òun ló ní ká má wulẹ̀ kọ orúkọ rẹ."

Akínlóyè dúpẹ́, ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó jáde. Ní Sátidé, ó kí Ògúndáre bó ṣe máa ń kí i. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Kí ọdún náà tó parí, orúnkún Akínlóyè yẹ̀, dókítà sì ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Kò fi líìgì sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn so àwọ̀n, lẹ́yìn náà ó ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tí Theresa fẹ̀yìn tì lọ́dún 1991, òun ni wọ́n fi jẹ akọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà líìgì ń bọ́ sí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá agbábọ́ọ̀lù kan sọ̀rọ̀, akọ̀wé ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí.

Lọ́dún 1995, Philip, ọmọ Ògúndáre, pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Warehouse ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù ló fẹ́ fi jẹun, àwọn tó sì mọ bọ́ọ̀lù ní kò sí irú rẹ̀ ní Gorton. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, bàbá rẹ̀ wá sílé Akínlóyè. Kò jókòó.

"Akínlóyè, mo mọ̀ pé o mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Ohun tí mo ṣe sí ọ lọ́jọ́sí. Ìwọ lò ń mú àwọn àṣàyàn báyìí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ti lé lógójì. Akínlóyè dì í mú kí àyà rẹ̀ tó kan kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ Philip ni mo máa kọ́kọ́ kọ."

Ògúndáre sunkún. Nígbà tó lọ tán, Wùmí, ìyàwó Akínlóyè, wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fọláwẹ̀mí, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ẹ ò ní dárí jì í láéláé."

"Ó ti tó kí n sinmi," ni Akínlóyè fèsì.

Ní ìparí oṣù náà, Bolton ní kí eré wáyé lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá. Akínlóyè ní ọjọ́ kọkànlélógún ló rọrùn. Wọ́n gbà. Ó fi Philip ṣe captain, ó sì ránṣẹ́ pè é.

"Uncle, ẹ ṣé gan-an. I won't let you down."

"Ṣé kò síbi tó o fẹ́ lọ lọ́jọ́ kọkànlélógún?"

"Kò síbì kankan, Uncle."

"Fọwọ́ sí i níbí nígbà náà, pé eré wa lo máa gbá."

Philip fọwọ́ sí i.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà ní Bolton. Ikọ̀ Akínlóyè borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan, Philip ló sì gbá méjì wọlé. Ògúndáre kó gbogbo ilé rẹ̀ wá. Ó di Akínlóyè lọ́wọ́ mú níwájú àwọn ènìyàn.

"Ẹni tí mo ṣebi sí ló fi ire san án fún mi. Ṣé àwọn ẹgbẹ́ ńlá rán ènìyàn wá?"

"Mi ò rí wọn lónìí, ẹ̀gbọ́n. Ṣé inú yín dùn?"

"Mi ò tíì rí irú ọjọ́ yìí rí."

"Ẹ má gbàgbé rẹ̀," ni Akínlóyè wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Akínlóyè fèsì lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ńlá kan ní London ti kọ sí i láti àárín oṣù Kẹsàn-án, pé kí Philip Ògúndáre wá gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá, ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ní, kí àwọn lè gbà á síṣẹ́: ó kọ ọ́ fún wọn pé ọmọ náà rí ìpè wọn, pé eré Bolton ló wù ú jù, ó sì fi ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ sí há inú àpòòwé náà.