Ìwé Méje Inú Páálí

Wọ́n dá Sàúdátù Ọládòṣù dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 1988, ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré kan ní Ìkọ̀tún.

Obìnrin méje ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń po sóòdà, wọ́n ń gé ọṣẹ, wọ́n ń dì í sínú páálí. Sóòdà ti jẹ ọwọ́ Sàúdátù débi pé kò lè fi fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, sọ pé òun yóò fi ọ̀kan nínú wọn ṣe akọ̀wé ní ìparí oṣù, inú rẹ̀ dùn. Akọ̀wé kì í fọwọ́ kan sóòdà. Òun nìkan sì ni gbogbo wọn mọ̀ sí ẹni tó kàwé.

"Ìwọ náà ni, jàre," ni Ìdíátù wí, ẹni tí wọ́n jọ ń gé ọṣẹ lórí tábìlì kan. "Ta ló tún kù? Àbí èmi, tí lẹ́tà A lè gbá létí kí n má mọ ẹni tó gbá mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn oníbàárà dá ọṣẹ padà láti Abúlé Ẹ̀gbá, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ sì bá Akínbọ́lá wí. Akínbọ́lá gbé páálí òfìfo kan sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí olúkúlùkù yín kọ ibi tí mo ti ń ṣàṣìṣe sínú ìwé, kó jù ú síbẹ̀," ó ní. "Ẹ má kọ orúkọ. Mi ò ní bínú."

Ìdíátù ló dá a lábàá pé kí gbogbo wọn lọ bá Sàúdátù. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n yí i ká, wọ́n ń sọ, ó ń kọ. Wòsílátù ní máníjà ń bú àwọn bí ẹni ń bú ọmọdé. Ìyá Táyéwò ní ó ń gé ìsinmi àwọn kúrú. Nígbà tó kan Ìdíátù, ó ní ọ̀gá ò kí èèyàn láàárọ̀, kò sì ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn. Sàúdátù kọ ọ́ wéréwéré. Ìdíátù yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìwé náà.

"O fo ti ìbọ̀wọ́ yẹn," ó ní.

Sàúdátù wò ó, ó rí i pé lóòótọ́ ni, ó fi kún un. Tirẹ̀ ló kọ gbẹ̀yìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé ó bi àwọn léèrè.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ dé, ìsinmi gùn sí i, Akínbọ́lá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láàárọ̀.

"Ọkùnrin yìí mà gbọ́ràn o," ni Wòsílátù wí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó pe Sàúdátù sí ọ́fíìsì. Sàúdátù rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ìwé méje wà lórí tábìlì, ọ̀gá ti tò wọ́n tẹ̀léra.

"Ìwé méje, ọwọ́ kan," ni Akínbọ́lá wí. "Ìwọ nìkan lo sọ ara rẹ di méje, kí n lè rò pé gbogbo wọn ló kórìíra mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ló rán mi. Wọn ò mọ̀wé kọ ni. Ẹ bi wọ́n."

Ó pè wọ́n wọlé, ó bi wọ́n. Wòsílátù wolẹ̀. Ìyá Táyéwò ní òun ò rántí. Ìdíátù nìkan ló dáhùn tààrà.

"Sà, èmi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́."

Sàúdátù yíjú sí i. "Ìdíátù, èmi àti ìwọ?"

Akínbọ́lá ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé. Sàúdátù kúrò nílé iṣẹ́ kí aago méjì tó lù.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìdíátù jókòó sí tábìlì akọ̀wé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn obìnrin márùn-ún tó kù sínú rẹ́jísítà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún régé.