Ẹ̀yìn Tí Kò Lè Bẹ̀rẹ̀

Ògúnrántí dúró níwájú dókítà ní Iléṣà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín."

"Ẹ̀yìn ò gbà, Dókítà."

Dókítà ń tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Ibí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ gan-an ni."

"Ibí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló dé láti Ifẹ̀wàrà.

Kí Ògúnrántí tó ronú, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀.

Dókítà ń wò ó.

"Dìde, ọkọ Lábíkẹ́," ni àna rẹ̀ wí. "Wọ́n ní o ò lè bẹ̀rẹ̀, ni mo ṣe wá wò ọ́. Àṣé o lè wá sí ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ lóko mi lọ́la."

Ògúnrántí ò dìde. Ó ń bú ara rẹ̀ nínú: òpè ọkùnrin, orí fífọ́ lò bá ti pe àìsàn rẹ.